Bí ẹ ṣe lè wọn iṣẹ́ ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà yín, kí ẹ tó ní ẹ̀rọ ti gbó

Nírọ̀lẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá máa ń béèrè: "Báàgì mélòó lẹ dì lónìí?" Wọ́n á ní 558. Bí ti àná bá jẹ́ 620, ojú ọ̀gá á le, ẹnì kan á ní ẹ̀rọ ti gbó, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye báàgì kò sọ iye tó yẹ kí ẹ rí dì, kò sì sọ ibi tí ìyókù gbà lọ. Ìṣẹ́jú ló ń sọ ìyẹn: èyí tí ẹ̀rọ fi dúró, èyí tó fi ń rìn bí ìgbín, àti èyí tó fi ń ṣe ọ̀rá tó ń jò.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan tàbí méjì ni a kọ èyí fún, ì báà jẹ́ ní Olúyọ̀lé, Mọ́níyà tàbí Ológunẹ̀rú n'Ìbàdàn. Kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ wá ìwé alálà kan, bírò tí ẹ fi okùn so mọ́ ẹ̀rọ, aago ògiri tí gbogbo èèyàn lè rí, fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá, òṣùwọ̀n tó lè fi gíráàmù kan hàn, àti mítà kékeré tí àwọn oníná fi ń wo volt. Ẹ má fojú di okùn bírò yẹn o. Bírò tí kò ní okùn kì í sùn níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ eré tí ẹ̀rọ lè sá

Pátákó kékeré tó wà lára ẹ̀rọ lè ní ó ń ṣe ọ̀rá 40 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì bi ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ, torí iye tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò pè fún yín. Ní àárọ̀ tí iná dúró dáadáa, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ Teflon tó bo ẹnu ìdì (ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi ìgbóná lẹ ọ̀rá pa), tí asẹ́ omi sì mọ́, ẹ tẹ aago fóònù, kí ẹ ka 100 ọ̀rá bí wọ́n ṣe ń já bọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ mú èyí tó yá jù lára àwọn tí ọ̀rá wọn kò jò. Bó bá gba ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 51, ọ̀rá 35 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn.

Ẹ kọ 35 yẹn sára ògiri, kí ẹ má sì yí i padà títí ẹ ó fi ṣe ohun kan lára ẹ̀rọ tó mú eré rẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn a máa fi 28 síbẹ̀ kí iṣẹ́ wọn lè dán lójú ọ̀gá. Ẹ ó mọ̀ wọ́n: ìdíwọ̀n eré wọn, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ṣe ÷ èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe, á kọjá 100%.

Ìwé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí ìwé yìí bá ti pa irọ́, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe.

Ẹ fa ìlà sí ìwé náà: aago tí ẹ̀rọ dúró, aago tó tún bẹ̀rẹ̀, kóòdù, volt tó wà lórí mítà, àti ohun tí ojú rí. Kóòdù kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ lè lo I fún iná tó lọ àti àkókò tí ẹ fi ń tan jẹnẹrétọ̀, R fún pípààrọ̀ róòlù náílọ̀n, O fún omi tó tán nínú táǹkì, H fún híítà àti ẹnu ìdì, N fún náílọ̀n tó já tàbí tó wọ́, F fún photocell tí kò rí àmì ara náílọ̀n mọ́, D fún ẹ̀rọ tó ń tẹ déètì, àti X fún ohunkóhun tó kù. Ẹ kọ wọ́n sára páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ. Bí X bá fẹ́ di àkúnwọ́sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ wo ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ẹ fún un ní kóòdù tirẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkọsílẹ̀ méjì yìí. Èkíní ní: "Ẹ̀rọ bàjẹ́, a tún un ṣe, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." Èkejì ní: "10:42 sí 11:23. H. 182 volt. Ẹnu ìdì ìsàlẹ̀ tútù, híítà apá òsì ti jó." Ẹ kò lè fi èkíní ṣe nǹkan kan. Èkejì fún yín ní ìṣẹ́jú 41, ó sọ ẹ̀yà tó bàjẹ́, ó sọ apá ibi tó wà, ó sì ti ń nàka sí ohun tó fà á. A ó padà sórí 182 volt yẹn.

Ìdúró tó bá tó ìṣẹ́jú 5 ni ẹ ó kọ ní kíkún. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, bíi kí ọ̀rá há sí ẹnu ibi tó ń já sí, tàbí kí èèyàn fi aṣọ nu photocell, ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ fà fún un ní ẹ̀yìn ìwé. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ ní kíkún, títí aago méjìlá ó ti máa sú wọn, wọn ò sì ní kọ ìkankan mọ́.

Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ni kó kọ ọ́, nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ìrántí kọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kì í fara sin: gbogbo aago inú rẹ̀ á parí sí òdo tàbí aárùn-ún, gbogbo ìdúró á sì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi ohunkóhun tí ẹ bá kà níbẹ̀ bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ má sì gé owó ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, láti ọjọ́ kejì lọ, NEPA ni yóò máa jẹ̀bi ohun gbogbo.

Kíka ọ̀rá

Ọ̀rá ni kí ẹ kà, kì í ṣe báàgì. Báàgì kan jẹ́ ọ̀rá 20 tó dára. Àwọn tó bàjẹ́ kò dé inú báàgì, nítorí náà ẹni tó bá ń ka báàgì nìkan kò lè rí wọn. Ẹ gbé ike ńlá kan sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ fún àwọn tó bàjẹ́, kí ẹ sì kà wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dà wọ́n nù. Ohun tó yẹ kó wọ inú ike yẹn ni ọ̀rá tó ń jò, èyí tí wọ́n gé láàárín àwòrán, èyí tí déètì rẹ̀ kò hàn, èyí tí ojú ìsopọ̀ róòlù wà lára rẹ̀, àti gbogbo èyí tí ẹ̀rọ ṣe ní àárọ̀ kí ẹnu ìdì tó gbóná tó. Ti àárọ̀ yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, torí wọ́n ti gbà pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní nọ́ńbà tó ń ka ara rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ìgbà tí abẹ gé ló ń kà, ó sì lè gé ọ̀rá tí kò sí omi nínú rẹ̀.

Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọ̀rá márùn-ún tó tẹ̀ léra, kí ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi 50 cl jẹ́ 500 gíráàmù. Ẹ ṣí ọ̀rá kan, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, kí ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo, kí ẹ sì fi ìwọ̀n rẹ̀ kún un. Bí márààrún bá ń fúyẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, asẹ́ ló ń dí, omi kò sì wá pẹ̀lú agbára tó yẹ mọ́. Bí ọ̀kan bá wúwo tí èkejì fúyẹ́, fáàfù tó ń ṣí omi ni kí ẹ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ kó 20 láti inú iṣẹ́ ọ̀sán sórí páálí gbígbẹ mọ́jú. Èyí tó bá jò kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé àná ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ìṣirò náà

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, ó parí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́: ìṣẹ́jú 600. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 60 tí ẹ ti pinnu tẹ́lẹ̀ fún oúnjẹ àti fífọ ẹ̀rọ. Ó ku 540.

Ìwé sọ pé iná mú ìṣẹ́jú 29 lọ, híítà 41, róòlù márùn-ún ní ìṣẹ́jú méje-méje 35, omi tó tán 21, náílọ̀n tó já 18. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 144. Nítorí náà, ìṣẹ́jú 396 ni ẹ̀rọ fi wà lẹ́nu iṣẹ́: 396 ÷ 540 = 73.3%.

Ní eré 35, ìṣẹ́jú 396 yẹ kó fún yín ní ọ̀rá 13,860. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, tó dára àti tó bàjẹ́, ẹ rí 11,700. Ìdíwọ̀n eré jẹ́ 84.4%.

Nínú 11,700, 540 wà nínú ike. Èyí tó dára jẹ́ 11,160, ìyẹn báàgì 558: 95.4%.

Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra wọn, ẹ ó rí 59%. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní OEE nìyẹn. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti yẹ̀ ẹ́ wò: 540 lọ́nà 35 jẹ́ 18,900, 11,160 ÷ 18,900 sì jẹ́ 59%. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì.

Seiichi Nakajima, ará Jàpáánì tó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀, fi 85% ṣe ibi tí ilé iṣẹ́ tó dáńtọ́ lè dé: 90% fún àkókò, 95% fún eré, 99% fún dídára. Ẹ má jẹ́ kí 85% yẹn já yín láyà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá tiyín ni kí ẹ máa fi wọn ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di báàgì, torí kò sẹ́ni tó ń ta ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jà. Ìdúró 144 yẹn jẹ́ báàgì 252. Eré tó lọ sílẹ̀ jẹ́ báàgì 108. Ọ̀rá tó bàjẹ́ jẹ́ 27. Àpapọ̀ 387 ni kò wọlé. Ọ̀rá tó ń jò sórí ilẹ̀ ni ojú ọ̀gá ń rí, òun náà ló sì ń pariwo lé lórí láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló kéré jù. Báàgì 108 tí eré mú lọ, ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó sọnù, torí ẹ̀rọ ń dún, gbogbo èèyàn ń ṣiṣẹ́, òógùn ń já.

Ṣé kí a ka iná mọ́ ọn?

Àríyànjiyàn tó máa ń wáyé níbí ni pé iná kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ kà á sínú OEE, torí owó òṣìṣẹ́ ń lọ, oníbàárà sì ń dúró, yálà iná ló fà á tàbí híítà. Ẹni tó bá yọ iná kúrò kò ní mọ iye tó yẹ kó ná sórí jẹnẹrétọ̀. Ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ ti ka iná ni ìṣirò ìfọkàntán ẹ̀rọ, èyí tó kàn báyìí.

Bí ẹ̀rọ ṣe ṣeé gbára lé tó

Ìwé ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó lò, ì bá tiẹ̀ dára kó jẹ́ mẹ́rin. Ẹ ka ìgbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bàjẹ́: H, N, F àti D, bí ẹ̀yà kan bá kọṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ fi I, R àti O sílẹ̀.

Ká ní ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. 40 ÷ 5 jẹ́ wákàtí 8. Òun ni MTBF: bí ìbàjẹ́ kan ṣe ń jìnnà sí èkejì. Àtúnṣe gba ìṣẹ́jú 22, 18, 95, 30 àti 25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 190, tó túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 38 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. MTTR nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún 38 yẹn. Kò sí àtúnṣe kankan tó gba ìṣẹ́jú 38. Mẹ́rin gba bíi 24, ọ̀kan gba 95 torí híítà kò sí nílẹ̀, ọlọ́kadà sì ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road kó tó rà á dé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kọ́ ló pẹ́. Híítà méjì nínú àpótí, abẹ kan, Teflon, àti wáyà tó ń gbọ́ ìgbóná, ìwọ̀nyí ni ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rò pé MTBF wákàtí 8 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ wákàtí 8 kó tó bàjẹ́. Rárá. Bí ìbàjẹ́ bá ń wá láìròtẹ́lẹ̀, ẹ pín wákàtí tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ sí MTBF, ẹ fi àmì ìyọkúrò sí i níwájú, kí ẹ tẹ eˣ lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín. 8 ÷ 8 jẹ́ 1, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 0.37. Nínú ọjọ́ 100, bíi 37 péré ni ẹ̀rọ yóò fi lo wákàtí 8 láìbàjẹ́. Bí ẹ bá sún MTBF dé 24, ó di 72. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ ṣèlérí ọkọ̀ omi kan fún oníbàárà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà lórí ẹ̀rọ ẹyọ kan.

Ìṣirò eˣ yẹn kò bá Teflon àti abẹ mu, torí gbígbó ni wọ́n ń gbó, wọn kì í bàjẹ́ lójijì. Fún àwọn yẹn, ẹ ka ọ̀rá tí wọ́n ṣe láti ìgbà tí ẹ ti fi wọ́n sí i. Ká ní Teflon mẹ́ta tó kọjá já ní 61,000, 58,000 àti 66,000, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 50,000, ní àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò kan ṣì kù tó lè gbà yín lọ́wọ́ gbèsè. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. 480 ÷ (480 + 38) jẹ́ 92.7%. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló ń dá iṣẹ́ dúró, ó yẹ kí ẹ wà ní nǹkan bíi 93%, bẹ́ẹ̀ 73% ni ẹ wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo yẹn, róòlù, omi àti iná ló ni ín. Ẹ̀rọ tuntun kò ní mú ìkankan nínú wọn kúrò.

Ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn

Ẹ to kóòdù láti orí èyí tó jẹ ìṣẹ́jú jù lọ lọ́sẹ̀, kí ẹ mú ọ̀kan péré.

Róòlù ló rọrùn jù. Ìṣẹ́jú 7 ń lọ torí pé ìgbà tí ti àtijọ́ bá tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ gbé tuntun, tí wọ́n á tún wá fi náílọ̀n gba gbogbo irin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ṣáájú. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí ti àtijọ́ ku díẹ̀, ẹ gé e, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù so ìrù rẹ̀ mọ́ orí tuntun kí àmì méjèèjì bára mu, kí ẹ sì fà á kọjá. Bó bá di ìṣẹ́jú 3, róòlù márùn-ún dá ìṣẹ́jú 20 padà, ìyẹn báàgì 35 lójúmọ́.

Ní ti omi, ẹ wọn bọ́ọ̀hóòlù. Orí àpáta ni Ìbàdàn wà, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀hóòlù ibẹ̀ kì í sì fún èèyàn ní omi púpọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọjà píọ̀ wọ́tà ń yá. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀hóòlù ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20 sí ẹnu páìpù. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 80, lítà 900 ní wákàtí kan nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ní eré 35 ń mu 1,050. Bí méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, 2,100. Táǹkì lítà 5,000 tó kún ní àárọ̀ yóò tán ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, nítorí náà ọ̀sán ni kóòdù O yóò máa hàn nínú ìwé yín.

Báyìí, 182 volt. Ìgbóná híítà kì í bá volt lọ sílẹ̀ ní déédéé. Volt lọ́nà volt ló ń tẹ̀ lé. Híítà tí wọ́n ṣe fún 220 volt, bí iná bá rọlẹ̀ sí 180, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ péré ló kù. Ẹnu ìdì kò ní tètè gbóná padà láàárín ọ̀rá kan sí èkejì. Ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ á fa eré sẹ́yìn sí 31 tàbí 32 kó lè dì, tàbí kó gbé ìgbóná sókè. Bí iná bá wá padà sí 230, náílọ̀n á jó, á lu, àwọn ọmọ tó ń kó o sí báàgì á ní: "Ọ̀gá, híítà yìí ti ń ya wèrè." Ẹ fi ìlà volt wé ìlà ọ̀rá tó bàjẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀, stabilizer tó lè gbé híítà àti mọ́tò pọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì tún wọn eré ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ méjì, ẹ má ṣe kó OEE wọn pọ̀ kí ẹ pín in sí méjì. Ká ní èkejì ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú 180 péré ní eré 35, ó sì fún yín ní 5,040 tó dára: 80%. Bí ẹ bá fi 59 àti 80 wá àárín, ẹ ó rí nǹkan bí 70, ọkàn yín á sì balẹ̀ lásán. Ẹ kó ọ̀rá tó dára jọ, 16,200, kí ẹ pín in sí èyí tó yẹ kí méjèèjì ṣe, 25,200. Ó jẹ́ 64.3%, òun sì ni kí ẹ kọ sára ògiri.